Àwòrán Ń Lọ, Ohùn Kò Jáde: Bí Fídíò Ṣe Lè Ṣí Lórí Gbogbo Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí fídíò tó kọ̀ tí kò ṣí, àti ohun tí èèyàn lè ṣe sí i.

Ní gbogbo agbègbè Òkè-Odò àti Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgándò dé Abúlé-Ẹ̀gbá, agbára káká ni ọjọ́ Sátidé kan fi ń kọjá láìsí kámẹ́rà lójú agbo. Ìgbéyàwó ni o, ìsọmọlórúkọ ni o, ìsìnkú arúgbó ni o, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ya sí fídíò. Bí ariwo ayẹyẹ bá ti rọlẹ̀, oní-fídíò á jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, á gé e, á tò ó, á da iṣẹ́ náà sórí fláàṣì, á sì fi lé àwọn tó ni ìnáwó lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Wọ́n á ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, orúkọ fáìlì á yọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n á ní òun ò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, àwòrán á máa lọ geere, ẹnu alága ìdúró á máa mì, ẹbí ọkọ á máa dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò ní jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orin á máa dún, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú kirikiri. Bí wọ́n bá wá ki fláàṣì kan náà bọ láptọ́ọ̀pù, fídíò á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Ohun tó sábà ń tẹ̀ lé e ni kí wọ́n gbé fláàṣì náà lọ sí ìsọ̀ àwọn ọmọ tó ń dáńlóòdù orin àti fíìmù sí mẹ́mọ́rì fún èèyàn lẹ́bàá ibùdókọ̀, kí wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn kọ́nfáàtì rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí mọ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ kọ́nfáàtì. Ọ̀kan kì í ba fídíò jẹ́ rárá, ọ̀kan ń fọwọ́ kan ohùn nìkan, ẹ̀kẹta ló ń jẹ àwòrán. Ẹni tí kò mọ èyí tí fáìlì rẹ̀ nílò lè sanwó kí wọ́n fi bá a ba ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ní jẹ́.

Inú fáìlì gan-an ló yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. MP4, MKV, AVI, MOV, 3GP, àwọn lẹ́tà tó máa ń wà ní ìparí orúkọ fáìlì yìí, orúkọ àpò ni wọ́n. Inú àpò náà ni àwòrán wà lọ́tọ̀, tí ohùn wà lọ́tọ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù náà wà níbẹ̀. Microsoft ló mú AVI jáde ní 1992. MKV, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Matroska, bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Láti ara àpò MOV tí iléeṣẹ́ Apple ti ń lò ni àwọn tó ń ṣètò ìlànà ẹ̀rọ lágbàáyé ti ṣe MP4, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jọra. 3GP jẹ́ àbúrò MP4; fóònù kéékèèké ìgbà 3G ni wọ́n ṣe é fún.

Orúkọ àpò kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. MP4 méjì lè wà lórí fláàṣì kan, kí ọ̀kan ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n, kí èkejì kọ̀, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fún àwòrán inú wọn pọ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kódẹ́ẹ̀kì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìjà àárín fáìlì àti ẹ̀rọ dá lé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àwòrán Full HD kan ní àmì aláwọ̀ tíntìntín 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì lápapọ̀. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì mẹ́ta, àwòrán kan ṣoṣo á gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì mẹ́fà. Àwòrán 25 ló sì ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ mẹ́gábáìtì 155. Ìṣẹ́jú kan péré á gba gígábáìtì mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Bí wọn ò bá fún un pọ̀, fláàṣì 32GB á kún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀, kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó parí.

Kódẹ́ẹ̀kì ń dín ẹrù yìí kù nítorí pé kì í tọ́jú gbogbo àwòrán tán. Ó ń tọ́jú ọ̀kan ní kíkún, lẹ́yìn náà ó kàn ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó yí padà láàárín rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí pásítọ̀ bá dúró sójú kan tó ń wàásù, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà, pẹpẹ kò yí padà, ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ rọrùn láti fún pọ̀. Ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà kọjú sí agbo níbi tí ìyàwó ti ń jó, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká pẹ̀lú gèlè tó ń dán, tí owó tuntun ń já bọ́ lábẹ́ iná aláwọ̀ oríṣiríṣi, ohun gbogbo ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó kọ́nfáàtì fídíò náà bá fún un ní dátà tó kéré jù, ibẹ̀ gan-an ni àwòrán á ti fọ́. Gèlè á pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké, owó tó wà lójú afẹ́fẹ́ á di àbàwọ́n, ojú àwọn tó dúró lẹ́yìn á dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fún fídíò òun pọ̀ jù, apá ijó ni kó lọ wò, kó má wo apá ìwàásù.

Ọ̀nà ìfúnpọ̀ ń yí padà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àwo VCD tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993 ń lo MPEG-1. DVD tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lo MPEG-2. Ní 2003 ni H.264 dé, tí wọ́n tún ń pè ní AVC, òun ni ẹ̀rọ tó pọ̀ jù mọ̀ títí di òní. H.265, tí orúkọ rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ HEVC, dé ní 2013. Ó lè fi nǹkan bí ìdajì dátà ṣe iṣẹ́ tí H.264 ń ṣe. AV1 tẹ̀ lé e ní 2018.

Ṣíìpù kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n tó mọ ìwọ̀nba ọ̀nà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fi sínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní 2011 kò lè mọ ọ̀nà tó dé ní 2013, kò sì sí bí ẹni tó rà á ṣe lè kọ́ ọ. Ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀, nítorí pé ètò tó ń ṣí fídíò lórí rẹ̀ ló gbé ìmọ̀ yẹn dání, èèyàn sì lè fi ètò tuntun rọ́pò ti àtijọ́. VLC wà lára àwọn ètò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ni, láti 1996. Ní 2001 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ó gbé kódẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí fáìlì tí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ fi ń ṣí lórí láptọ́ọ̀pù, tí ẹni tó ni ín á fi máa rò pé tẹlifíṣọ̀n òun ti bàjẹ́.

Ìṣòro kí ẹ̀rọ kan má mọ ohun tí ẹ̀rọ mìíràn kọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde ní 1979, fíìmù gidi ni, gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń tan án sára aṣọ funfun fún èrò. Nígbà tó yá, owó tí fíìmù ń gbà di ohun tí apá àwọn òṣèré ò ká mọ́, wọ́n sì gba orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò lọ. Kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí iléeṣẹ́ JVC ní Japan mú jáde ní 1976, ni Kenneth Nnebue fi ta Living in Bondage ní èdè Igbo ní 1992. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, pálọ̀ ni sinimá Yorùbá ń gbé.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ní ààlà tirẹ̀. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, Nàìjíríà ń lo ìlànà PAL, tó jẹ́ ìlà 625 àti àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlú Ọba náà ń lo PAL. NTSC ni ti Amẹ́ríkà, ìlà 525 àti àwòrán tó súnmọ́ 30. Orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò ń lo SECAM tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí wọ́n yà ní Ìgándò, tí wọ́n fi rán ẹni tó ń lọ sí Peckham ní London, á ṣí lọ́gán nílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Ẹ̀dà rẹ̀ tó lọ sí Houston lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ á kàn máa yí gbirigbiri lójú tẹlifíṣọ̀n, láìláwọ̀, àfi bó bá ní ẹ̀rọ tó mọ ìlànà méjèèjì, tàbí kó sanwó fún ìsọ̀ tó ń yí PAL padà sí NTSC. Èyí tó bá ti Kútọnu wọ Ẹ̀gbẹ́dá á ṣí, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ló máa jẹ́. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun sanwó púpọ̀ lórí irú kọ́nfáàtì yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ MP4.

Nígbà tí ọ̀rúndún tuntun ń wọlé, VCD gba ọjà lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà àti ní Alábà. Àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù oníwákàtí méjì fi ń wà lórí àwo méjì, tí ẹnì kan nínú ilé á ní láti dìde lọ pààrọ̀ àwo nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn bọ̀. Àwòrán VCD ní àmì 352 ní ìbú àti 288 ní òró. Ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lápapọ̀, kò tó ìdá kan nínú ogún ti Full HD. Ìjọ Synagogue Church of All Nations tí T.B. Joshua dá sílẹ̀, tó wà ní Ìkòtún, gba ojú ọ̀nà kan náà, nítorí orí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo ni fídíò ìsìn wọn ti kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ èèyàn kí tẹlifíṣọ̀n wọn, Emmanuel TV, tó bẹ̀rẹ̀ lórí sátẹ́láìtì ní 2006.

Gbogbo ìgbà wọ̀nyí ló ṣì wà pọ̀ nínú àwọn ilé tó ti pẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́: kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwo nínú páálí, fláàṣì nínú dúrọ́ọ̀, fóònù lọ́wọ́. Ti fáìlì tó kọ̀, ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù kò nílò ìsọ̀ kankan. Àwọn ètò tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù jẹ́ ọ̀fẹ́, ojúlówó wọn sì wà lójú òpó àwọn tó ṣe wọ́n.

Kí èèyàn kọ́kọ́ wo inú àpò. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ MediaInfo; bí wọ́n bá fi fáìlì hàn án, á ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àpò, kódẹ́ẹ̀kì àwòrán, kódẹ́ẹ̀kì ohùn, ìbú àti òró àwòrán, àti iye dátà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá. Nínú VLC lórí kọ̀ǹpútà Windows, kí èèyàn tẹ Ctrl àti J pọ̀ nígbà tí fídíò ń lọ, irú ìròyìn kan náà á jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú fáìlì kan tó wọ́pọ̀. MKV ni àpò rẹ̀, H.264 ni àwòrán, DTS ni ohùn. Tẹlifíṣọ̀n mọ MKV, ó mọ H.264, ṣùgbọ́n DTS kò sí lára ohun tó gbọ́. Samsung fúnra rẹ̀ yọ DTS kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ láti 2018. Àwòrán á máa lọ, ohùn ò ní jáde. Ẹni tí kò bá wo inú fáìlì yìí á kọ́nfáàtì gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láptọ́ọ̀pù á gbóná fún wákàtí gbọọrọ, àwòrán tí kò ní àìsàn kankan á sì jáde pẹ̀lú ẹwà tó dín kù. Ẹni tó wo inú rẹ̀ á fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà, á yí ohùn nìkan padà sí AAC tí tẹlifíṣọ̀n gbọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

FFmpeg ni ètò tó ń ṣe irú èyí láìsí àríyànjiyàn. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000, VLC àti ètò mìíràn tó ń jẹ́ HandBrake pàápàá ń lo apá kan rẹ̀ lábẹ́. Kò ní bọ́tìnì. Èèyàn á tẹ àṣẹ fún un ni. Bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ idana.mkv, àṣẹ náà rèé fún àwọn tó ń kà á nínú ìwé:

ffmpeg -i idana.mkv -c:v copy -c:a aac idana.mp4

Ibi tí wọ́n kọ copy sí lẹ́yìn v ni àṣẹ pé kó má fọwọ́ kan àwòrán. Aac tó wà lẹ́yìn a ni àṣẹ pé kó yí ohùn padà. Bí àwòrán àti ohùn bá dáa, tó jẹ́ pé àpò nìkan ni ẹ̀rọ kọ̀, kí èèyàn kọ -c copy nìkan dípò méjèèjì. Àwòrán àti ohùn á kúrò nínú MKV bọ́ sínú MP4, àmì kan ò ní yí padà nínú àwòrán. Ó ya ènìyàn lẹ́nu bí iye fáìlì tí èyí nìkan ń wòsàn ṣe pọ̀ tó. Yíyí lẹ́tà ìparí orúkọ fáìlì padà pẹ̀lú ọwọ́, láti .mkv sí .mp4, kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Orúkọ nìkan ló yí padà, àpò àtijọ́ ṣì ni.

Nígbà tó bá jẹ́ àwòrán gan-an ni ẹ̀rọ kò mọ̀, a ò lè sá fún iṣẹ́ kẹta, èyí tó ń tú àwòrán ká tó sì ń tún un fún pọ̀. Fídíò iPhone ló máa ń fa èyí jù láàárín ẹbí. Láti ìgbà iOS 11 ní 2017 ni iPhone 7 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti ń ya fídíò sí HEVC. Ọmọ á ya ọjọ́ ìbí màmá rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n màmá á kọ̀ ọ́. Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n dènà rẹ̀ kí wọ́n tó ya nǹkan kan. Nínú Settings, lábẹ́ Camera, wọ́n á rí Formats. Kí wọ́n mú Most Compatible níbẹ̀, fóònù á máa ya H.264. Àyè tó máa gbà á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi tó máa ṣí náà á pọ̀ sí i.

Fún èyí tí wọ́n ti yà ná, HandBrake rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ. Kí wọ́n gbé fáìlì sí i, kí wọ́n mú èyí tó ń jẹ́ Fast 1080p30, kí wọ́n wo nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní RF. Bí nọ́ńbà yìí ṣe ń kéré ni àwòrán ń dáa sí i tí fáìlì sì ń tóbi. 20 sí 22 tó fún ayẹyẹ; ẹni tó bá sún un lọ sí 30 nítorí àti fi àyè pamọ́ á rí àwọn onígun mẹ́rin lára gèlè. Bó bá jẹ́ fídíò fóònù tí wọ́n fẹ́ gé pọ̀ mọ́ ti kámẹ́rà ńlá, kí wọ́n mú Constant Framerate, nítorí fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, ohùn á sì máa sáré kúrò lára ẹnu bí wọ́n bá gé e pọ̀ bẹ́ẹ̀. DVD ìgbéyàwó àtijọ́ ní ti ẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ létí ọwọ́ ẹni tó ń jó, nítorí wọ́n pín àwòrán kọ̀ọ̀kan sí ìdajì méjì fún tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn. Deinterlace nínú HandBrake ló ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù, kò sì sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní Èkó tí kò kàn. Nígbà tí ètò bá ń kọ MP4, ìparí ló sábà máa ń kọ ìwé atọ́ka fáìlì náà sí, èyí tó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì kú nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí, kò sí ìwé atọ́ka, gígábáìtì méjì á wà nílẹ̀ tí ẹ̀rọ kankan ò ní lè ṣí. MKV kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ dé kí iná tó lọ ṣì máa ṣí. Ẹni tí kò ní ínfátà tó dúró dáadáa, kó kọ́nfáàtì sínú MKV ná, kó wá fi àṣẹ -c copy gbé e sínú MP4 nígbà tí iná bá wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni apá kejì yẹn ń gbà.

Fláàṣì náà lè dá wàhálà sílẹ̀ láìjẹ́ pé fáìlì ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ fláàṣì ni wọ́n ṣètò sí FAT32, èyí tí kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Fídíò oníwákàtí kan àti ààbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5,400. Bí mẹ́gábíìtì mẹ́jọ, ìyẹn mẹ́gábáìtì kan, bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fáìlì á jẹ́ 5.4GB, fláàṣì 32GB tó ṣófo á sì ní òun ò gbà á. Bó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì márùn-ún, á jẹ́ nǹkan bí 3.4GB, á sì wọlé. Lóòótọ́, èèyàn lè tún fláàṣì ṣètò sí exFAT tó gba fáìlì ńlá, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ púpọ̀ kò mọ exFAT. Kí wọ́n gé fídíò sí méjì, apá ìdána lọ́tọ̀, apá agbo ijó lọ́tọ̀, tún jẹ́ ọ̀nà àbáyọ tí kò ba nǹkan kan jẹ́.

Àwọn ojú òpó tó ń kọ́nfáàtì fún èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ dátà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí fídíò ń lọ àti nígbà tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò ìdílé, ojú àwọn ọmọdé, inú ilé, ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkómọ ọmọ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ nígbà tí HandBrake wà. Ti WhatsApp yàtọ̀: bí wọ́n bá fi fídíò ránṣẹ́ bí fídíò, á fún un pọ̀ gan-an, bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, á dé bó ṣe wà, tí kò bá ti ju 2GB lọ, ìyẹn òdiwọ̀n tí wọ́n gbé e dé ní 2022.

Ohun kan wà tó ń dunni nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn èèyàn máa ń gbé VCD ìgbéyàwó ọdún 2003 wá sí ìsọ̀, kí àwọn onísọ̀ sọ fún wọn pé àwọn á bá wọn sọ ọ́ di HD. Àmì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kò lè di mílíọ̀nù méjì. Ẹ̀rọ kàn ń na àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ ni, fáìlì á tóbi, ojú ìyàwó ò ní mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n á tún na àwòrán onígun mẹ́rin ìgbà yẹn kó lè kún tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ ti ìsinsìnyí, gbogbo ẹbí á wá sanra lójijì, àwọn òkú ọ̀run pẹ̀lú. Kí wọ́n fi ààyè dúdú sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì. Bí ojú bàbá ẹni ṣe rí gan-an ló yẹ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ rí i.

Àdánù tún wà nínú kí wọ́n máa kọ́nfáàtì ohun tí wọ́n ti kọ́nfáàtì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú àwòrán ká tí wọ́n tún fún un pọ̀ ni nǹkan ń já dànù, kò sì sí ètò tó lè dá a padà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń bá oní-fídíò dúnàádúrà, kí wọ́n ti sọ ọ́ níbẹ̀ pé ohun méjì ni àwọn fẹ́ gbà: MP4 tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ H.264 tí ohùn rẹ̀ jẹ́ AAC, èyí tó máa ṣí níbi gbogbo, àti ojúlówó fáìlì bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà, lórí hard disk, láìgé, láìfún pọ̀ sí i.

Kásẹ́ẹ̀tì ló gba kánjúkánjú jù. Iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tó jẹ́ ìkẹyìn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù Keje 2016. Àwọn ẹ̀rọ tó kù ń gbó, orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì nínú wọn ń jẹ, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa sì ń mú kí funfun máa hù lára tẹ́ẹ̀pù. Kí wọ́n má fi kásẹ́ẹ̀tì tó ti hu funfun sínú ẹ̀rọ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó nù ún, nítorí á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ á sì kó o ran kásẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki bọ USB ló ń gba àwòrán láti ara ẹ̀rọ VHS wọ kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n ṣọ́ra pé ó wà ní PAL, 720 ní ìbú, 576 ní òró, àwòrán 25, nítorí púpọ̀ nínú ètò tó ń bá a wá máa ń wà ní NTSC láti ilé iṣẹ́ wá, tí èèyàn á fi gba kásẹ́ẹ̀tì odindi tán kó tó rí i pé àwòrán ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ní àyè lórí hard disk lè tọ́jú rẹ̀ sí FFV1 nínú MKV, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí kì í ju nǹkan kan nù. Ẹni tí àyè rẹ̀ kò tó, kó lo H.264 pẹ̀lú RF tó lọ sílẹ̀ dáadáa.

Kásẹ́ẹ̀tì ẹbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Fíìmù tí wọ́n rà lọ́jà ní ẹ̀dà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìkómọ àkọ́bí kò ní. Kí wọ́n kọ ọdún, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sára orúkọ fáìlì, nígbà tí ẹni tó dá wọn mọ̀ ṣì wà nílé láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà nínú ilé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹbí ní àdúgbò mìíràn, kí wọ́n sì fi MP4 kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní Houston, tí PAL kò dí lọ́nà mọ́.